Táyà Tí Yóò Gbé Mi Délé

Meurig kò bi mí bí mo ṣe ń sáré tó.
Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀ tó ti dúdú fún gírísì,
ó ní, "Heledd, ta ni yóò gbé ọ délé?"

Táyà mẹ́ta ló tẹ́ sórí sìmẹ́ǹtì.
Àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má nílà lára,
mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò mi rì.
Bó bá gbóná, ó ní, á lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí àtè;
bó bá tutù, ọṣẹ inú omi ni.
Èkejì jẹ́ ti arìnrìn-àjò, ilà rẹ̀ jìn,
ó le bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta,
yóò bá mi dé Glasgow, yóò bá mi padà,
àmọ́ kò ní bá mi ṣeré.
Ẹ̀kẹta, n kò tilẹ̀ wojú rẹ̀.

Búrẹ́dì ni mo ń yan ní Bethesda láti aago méjì òru.
Iná kì í ṣe àjèjì mi.
Ohun tí a bá yan, tó tutù, tí a tún yan,
tó tún tutù,
ó ń bọ̀ wá gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rọ̀.
Táyà náà ń gbàgbé.

Rhodri ra àkọ́kọ́. Rhodri lọ́kọ̀ tó ń gbé alùpùpù rẹ̀ dé pápá,
ó ní kúbùsù oníná tó fi ń wé táyà bí ọmọ tuntun.
Alùpùpù kan ṣoṣo lèmi ní, ó ti pé ọdún mọ́kànlá,
òun ló ń gbé mi lọ sídìí ààrò lọ́jọ́ Ajé,
lójú ọ̀nà òkè tí àgùntàn ń sùn sí.

Ẹ̀gbọ́n mi Ifor kò ṣubú ní pápá.
Ó sáré níbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nǹkan kan ò ṣe é.
Afárá Menai ni, nígbà tó ń bọ̀ nílé:
ìrì lórí irin, táyà ti tutù, ọkàn ṣì gbóná.
Tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ló ń tà ní Bangor báyìí,
ọ̀pá rẹ̀ á fara ti káńtà.

Mo bá wo ẹ̀kẹta.
Àárín rẹ̀ le díẹ̀ nítorí ọ̀nà gbọọrọ,
ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ̀ nítorí ìgbà tí mo bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.
Meurig ka nọ́ńbà mẹ́rin ara rẹ̀ fún mi:
ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ọdún yìí.
"Bí ẹyin ni. Mọ ọjọ́ rẹ̀ kí o tó sanwó."

Ní Aberffraw, afẹ́fẹ́ òkun ń fi iyọ̀ nà wá.
Mo tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ díẹ̀, ooru yóò fi tirẹ̀ kún un.
Ìyípo méjì ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Ní ẹ̀kẹta, ó jí.
Rhodri gba ọ̀tún mi kọjá, ó tún gba òsì,
ó na ẹsẹ̀ kan sí mi bí ẹni ń kíni.
Ó dùn mí. Kí n má purọ́, ó dùn mí gan-an.
Ṣùgbọ́n ní kọ́nà tó dojú kọ òkun
orúnkún mi ha ọ̀dà, ṣàà,
mo pariwo nínú akoto, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Òjò dé ní aago mẹ́rin láìkan ilẹ̀kùn.
Rhodri ń mu tíì nínú ọkọ̀. "Gbé tìrẹ náà wọlé,
àyè wà." Mo rò ó.
Mo fọn afẹ́fẹ́ padà, mo wo gééjì lẹ́ẹ̀mejì,
mo sì gun afárá yẹn
bí ẹni tó gbé ẹyin lórí àwo.

Ifor kò tíì sùn. Ó tiro wá sí gáréèjì,
ó fi ìka wọn etí táyà,
ibi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ kù tí kò tíì mọ ilẹ̀.
Ìka kan gbáko.
"Ojo," ni ó wí, ó rẹ́rìn-ín,
ó sì pa iná.